Fíìmù ìfẹ́ inú bèkírì: ti Amẹ́ríkà, ti Kòríà àbí tiwa, èwo ni ká wò?

Bèkírì ti fẹ́ kógbá sílé. Gbèsè ti mu ún dé ọrùn. Ọmọbìnrin tó jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá àgbà ń dá sunkún lẹ́yìn káńtà. Ọkùnrin kan wọlé wá ra nǹkan, ojú di mẹ́rin, àwa tí a jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n sì ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àwọn méjèèjì máa fẹ́ra, bèkírì náà ò sì ní tì. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ló máa ń wò ó lálẹ́, lẹ́yìn tí ọjà bá ti tú, tí wọ́n bá sì mú iná wá.

Ọ̀rọ̀ wá di èwo ni kéèyàn yàn. Wọ́n pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè wò tán lọ, dátà sì ti gbówó lórí débi pé kò yẹ ká fi wákàtí méjì ṣòfò sórí ohun tí kò bá wa lára mu. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ní bèkírì ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo dàgbà sí, nítorí náà ohun tí mo fi ń wọn irú fíìmù yìí lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ẹlòmíì. Ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi í: kí ló kó bèkírì yìí sí gbèsè, ta ló sì yọ ọ́? Ẹwà òṣèré, aṣọ, orin, gbogbo ìyẹn á máa tẹ̀ lé e bọ̀. Fíìmù tó bá dáhùn ìbéèrè méjèèjì dáadáa, ìfẹ́ inú rẹ̀ náà máa ń wọni lára, torí a ti rí ohun tí àwọn méjèèjì jọ fara dà kí wọ́n tó fẹnu kora.

Ti Amẹ́ríkà

Tẹlifíṣọ̀n tó sọ irú fíìmù yìí di ńlá ni Hallmark Channel. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe káàdì ìkíni ní Kansas City, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ló ni ín. Ọdún 1910 ni wọ́n ti dá iṣẹ́ káàdì náà sílẹ̀, àmọ́ 2001 ni tẹlifíṣọ̀n yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́ báyìí. Láti 2009 ni wọ́n ti ń ya àkókò kan sọ́tọ̀ kí Kérésìmesì tó dé, tí fíìmù ìfẹ́ á máa tẹ̀ léra tọ̀sán-tòru. Wọ́n máa ń sọ pé ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà ló ti ń ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ Kánádà, lágbègbè Vancouver, ni wọ́n ti ń ya púpọ̀ nínú wọn. Yìnyín tí ẹ ń rí nílẹ̀ yẹn náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò bọ́ láti ojú ọ̀run. Ìgbà ooru ni wọ́n máa ń ya púpọ̀ nínú fíìmù Kérésìmesì, òṣèré á sì wọ kóòtù nínú oòrùn.

Ìlànà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀. Ọmọbìnrin náà ti lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá, ó sì ní àfẹ́sọ́nà kan tí kì í gbé fóònù kúrò létí. Ìròyìn dé pé bèkírì ìyá àgbà fẹ́ tì. Ó padà sílé. Ẹni àkọ́kọ́ tó máa bá pàdé ni ọkùnrin tó ń fi igi ṣiṣẹ́, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó ń dá tọ́ ọmọbìnrin kékeré kan. Oníṣòwò kan fẹ́ ra ilé bèkírì náà kó wó o. Ìdíje kéèkì tàbí ayẹyẹ ìlú ń bọ̀ lọ́nà. Tó bá ku díẹ̀ kó parí, wọ́n á ṣi ara wọn gbọ́, ọmọbìnrin á di ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀, ẹnì kan á sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un, á sì yí padà. Ìgbà tí fíìmù bá ti fẹ́ tán pátápátá ni wọ́n máa tó fẹnu kora.

Ìpolówó ọjà ló fa bí wọ́n ṣe tò ó báyẹn. Apá mẹ́sàn-án ni wọ́n máa ń pín ìtàn náà sí, kí nǹkan kékeré kan lè ṣẹlẹ̀ kí ìpolówó kọ̀ọ̀kan tó wọlé, kí ẹni tó ń wò má bàa yí ṣánẹ̀lì. Yàtọ̀ sí ìpolówó, fíìmù náà ò ju nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ lọ. Àǹfààní gidi nìyẹn jẹ́ fún wa. Ẹ lè dìde lọ ro ẹ̀bà, ẹ lè lọ dá oníbàárà lóhùn lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó padà bá wọn níbi tí kò sọnù sí yín lójú.

Mi ò sì ka mímọ̀ tí a mọ òpin rẹ̀ sí àbùkù. Ẹni tó ti jókòó sọ́jà Òkè-Ajé láti àárọ̀, tí iye ọjà yí padà mọ́ ọn lójú kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyàlẹ́nu tó rí lọ́jọ́ yẹn ti tó. Ó fẹ́ ibi tí nǹkan ti máa dáa, tí ẹnikẹ́ni ò ní pa ẹnikẹ́ni, tí ọmọ ọdún mẹ́jọ àti bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún lè jókòó pọ̀ wò láìsí pé ẹnì kan ń sáré wá rìmóòtù. Fíìmù Amẹ́ríkà yìí mọ iṣẹ́ yẹn ṣe ju gbogbo àwọn tó kù lọ.

Orí ìbéèrè mi méjèèjì ló ti máa ń kùnà. Gbèsè inú rẹ̀ ò lórí kò nídìí. Lẹ́tà kan á ti báǹkì wá, wọ́n á sì dárúkọ owó kan, ó parí. Ẹnikẹ́ni ò sọ iye tí wọ́n ń ra fláwà. Ọmọbìnrin náà á fi fláwà díẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ọkùnrin lè fọwọ́ nù ún kúrò, á to kéèkì kékeré mẹ́fà sórí tábìlì, á sì ṣí ṣọ́ọ̀bù nígbà tí oòrùn ti yọ. Ta ló wá ṣe búrẹ́dì?

Ẹ wo bèkírì tiwa. Wọ́n á da fláwà àpò 50 kílò sínú ẹ̀rọ, wọ́n á da omi, ṣúgà, iyọ̀, bọ́tà àti yíìsì lé e, á máa pò ó. Bó bá ti pò, ó di ọwọ́ ẹni tó ń mílì. Ẹni yẹn á dúró síwájú irin róbótó méjì tó ń yí, á ki fláwà bọ̀ ọ́ láàárín, á jáde ní pẹlẹbẹ, á ká a, á tún kì í bọ̀ ọ́, léraléra, títí ara rẹ̀ á fi máa dán. Ibẹ̀ ni búrẹ́dì tó ń fà bí òwú ti ń wá. Ọwọ́ tó bá ṣì rìn níbẹ̀, irin ò mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọ iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí kì í fi í sọ̀rọ̀ tó bá ń mílì. Wọ́n á gé e, wọ́n á gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí ìwọ̀n, wọ́n á fọwọ́ yí i, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú páànù tí wọ́n ti fi òróró pa, wọ́n á bò ó kó wú. Ààrò tí wọ́n ti ń ko igi sí láti alẹ́ ló máa gbà á. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ìyá tó ń kiri ti dé pẹ̀lú bàsíà àti nàílọ́ọ̀nù. Àwọn kan ń sanwó lọ́wọ́. Àwọn míì ń bẹ̀bẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, mò ń bọ̀ wá san án nírọ̀lẹ́.” Ẹ̀gbọ́n ìyá mi á ṣí ìwé rẹ̀, á kọ ọ́. Inú ìwé àwìn yẹn ni gbèsè bèkírì ń gbé, mi ò sì tíì rí fíìmù Amẹ́ríkà kan tó ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ hàn wá.

Òdì kejì gbèsè náà sì ni fláwà fúnra rẹ̀. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ wíìtì tí a ń jẹ ti ń wá, nítorí náà bí náírà bá ti subú, búrẹ́dì náà ti gbọ́. Àwọn tó dàgbà á rántí 1987 tí ìjọba Babangida fòfin de kíkó wíìtì wọlé, tó sì di 1992 kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Àwọn ọmọdé ò gbàgbé June 2023, nígbà tí wọ́n jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ kó wá iye tirẹ̀ lọ́jà, tí fláwà àti ṣúgà jọ gbéra sọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kó tó dìgbà yẹn, ní July 2022, àwọn onibúrẹ́dì ti kéde pé àwọn máa dáṣẹ́ sílẹ̀ torí ọ̀wọ́n yìí. Oníṣòwò tó fẹ́ ra ilé kó wó o, a lè bá a jà, a lè lọ bá a lálejò. Ta ni onibúrẹ́dì Ìjẹ̀bú fẹ́ lọ bá nítorí iye dọ́là?

Ti Kòríà

Bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan, ti Kòríà ni màá mú, mo sì máa dárúkọ méjì.

Èkíní ni My Lovely Sam Soon, tí tẹlifíṣọ̀n MBC gbé jáde ní 2005. Apá 16 ni. Ọmọbìnrin tó ń ṣe kéèkì ni Kim Sam-soon. Ó kọ́ṣẹ́ náà ní Paris, ó ti ń súnmọ́ ọgbọ̀n ọdún, kò tíì lọ́kọ, ara rẹ̀ sì tóbi díẹ̀ ju bí àwọn èèyàn ibẹ̀ ṣe fẹ́ lọ. Ọkùnrin olówó kan tó ní ilé oúnjẹ gbà á síṣẹ́. Gbèsè ti fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ ìdílé Sam-soon, ìyá ọkùnrin náà sì ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kó mú ìyàwó wálé. Ni àwọn méjèèjì bá jọ kọ ìwé àdéhùn: ọkùnrin á yá a ní mílíọ̀nù 50 won, ìyẹn owó Kòríà, òun náà á máa ṣe bí àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ìyókù, ẹ ti lè fojú inú rí i. Àmọ́ ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: gbèsè náà ní iye, a mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, ìtìjú owó yẹn sì wà láàárín wọn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin yìí mọṣẹ́ rẹ̀, kì í sì í gbójú sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Nígbà tí apá tó kẹ́yìn jáde, ó lé ní ìdajì àwọn ilé tó ń wo tẹlifíṣọ̀n lákòókò náà tó ń wò ó.

Èkejì ló wà lọ́kàn mi jù: King of Baking, Kim Takgu, tí àwọn kan mọ̀ sí Bread, Love and Dreams. Tẹlifíṣọ̀n KBS ló gbé e jáde ní 2010, ó sì jẹ́ apá 30. Bàbá Takgu ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ńlá kan. Ìyálé ń bí obìnrin ṣáá, ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń tọ́jú ọmọ wá lóyún fún ọ̀gá, ó sì bí ọkùnrin. Ìyálé náà wá ọgbọ́n dá, ó bí ọkùnrin, àmọ́ ọmọ náà kì í ṣe ti ọkọ rẹ̀. Ta ni ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ ilé yìí? Ìyá mi ò gbọ́ èdè Kòríà rárá, ṣùgbọ́n kí apá kìíní tó parí, ó ti mọ ẹni tó máa ṣebi.

Takgu pàdánù ìyá rẹ̀ ní kékeré, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ọkùnrin kan tó fín àmì abẹ̀bẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń yí sára. Ìrìn yẹn ló gbé e dé bèkírì bàbá arúgbó kan, ibẹ̀ ló ti di ọmọ iṣẹ́. Imú rẹ̀ ló yàtọ̀: ó lè gbóòórùn ohun tí ẹlòmíì ò gbọ́. Síbẹ̀ bàbá náà ò tìtorí imú fún un ní nǹkan kan. Ó gbálẹ̀, ó fọ páànù, ó gbéṣẹ́ bí àwọn yòókù. Nígbà tí ìdíje dé, iṣẹ́ mẹ́ta ni bàbá gbé síwájú wọn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì: kí wọ́n ṣe búrẹ́dì tó yóni jù láyé, èyí tó dùn mọ́ni jù láyé, àti èyí tó fúnni láyọ̀ jù láyé. Inú mi máa ń dùn sí àkọ́kọ́ yẹn. Ní Ìjẹ̀bú tiwa, búrẹ́dì tó bá lóun fẹ́ yóni ní láti bá gaàrí Ìjẹ̀bú olómi tútù àti ẹ̀pà du ipò, iṣẹ́ ńlá sì ni. Onibúrẹ́dì tó bá wo ìdíje yẹn máa ronú lé iṣẹ́ ara rẹ̀ lórí. Fíìmù tó bá lè mú òṣìṣẹ́ ronú lé iṣẹ́ rẹ̀ lórí, tó tún ń sọ ìtàn ìfẹ́, ó ti ṣe ju ohun tí mo ní kó ṣe lọ.

Ní ti ìfẹ́ inú rẹ̀, ẹ má retí pé ẹni tó kọ́kọ́ wọlé sí i lọ́kàn ló máa fẹ́. Ibi tí owó ti ń fa ọmọbìnrin kan sọ́tùn-ún, tí ọkàn rẹ̀ sì ń fà á sósì, wọ́n fi sùúrù sọ ọ́ débi pé èèyàn ò ní lè bínú sí i.

Àlébù méjì ló wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n ni a fi ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì sì ni. Bí ìyá àgbà bá wà nínú pálọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í kó máa túmọ̀ fún un, ẹni náà ò sì ní gbádùn ara rẹ̀ tán. Èkejì: nínú àwọn tó ti pẹ́ díẹ̀, àwọn ọkùnrin olówó yẹn máa ń fa obìnrin lọ́wọ́ mọ́ra, wọ́n á jágbe mọ́ ọn, orin dídùn á sì máa dún lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ìfẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin nílé, ẹ bá wọn sọ ọ́ níbẹ̀ kí apá mìíràn tó wọlé.

Ti Mẹ́síkò àti ti Íńdíà

Mi ò ní pẹ́ níbí. Láti 2015 tí ṣánẹ̀lì Zee World ti dé ilẹ̀ Áfíríkà ni ti Íńdíà ti gba pálọ̀ kan, bí ti Mẹ́síkò ṣe gba òmíràn. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń jáde, apá wọn sì lè lé ní ọgọ́rùn-ún. Anfààní wọn ni pé wọ́n ti sọ wọ́n di Gẹ̀ẹ́sì tí a lè gbọ́. Tó bá jẹ́ torí bèkírì lẹ ṣe ń wá fíìmù, ẹ yẹra. Bèkírì tó wà nínú rẹ̀ lónìí lè má sí níbẹ̀ mọ́ lóṣù tó ń bọ̀, torí ẹnì kan ti pàdánù ìrántí rẹ̀, ẹni tí wọ́n sin sì ti jí dìde. Fún ẹni tó ń gbé òun nìkan, tó fẹ́ kí ohùn èèyàn máa wà nínú ilé láago kan náà lójoojúmọ́, wọ́n dára.

Tiwa

Ọ̀rọ̀ tiwa dùn mí, torí pé ohun tó yẹ kó dára jù ni. Fíìmù Yorùbá tó wà lórí YouTube mọ gbèsè. Ó mọ àjọ, ó mọ owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó mọ owó gbọ́mú-lé-lántà tí àwọn tó yáni á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti ìdájí. Òṣèrébìnrin wa á kúnlẹ̀ bẹ ẹni tó jẹ lówó, ẹ ó sì rí i pé ó ti rí ẹni tó kúnlẹ̀ báyẹn rí. Ẹnikẹ́ni ò ní túmọ̀ fún ìyá àgbà. Àwàdà rẹ̀ á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, òwe rẹ̀ á bọ́ síbi tó yẹ. Tó bá jẹ́ Ìjẹ̀bú ni òṣèré náà tó sì fi ẹ̀ka èdè wa dárà díẹ̀, ilé á pariwo.

Ìbéèrè kejì ló ń bà á jẹ́. Ta ló yọ bèkírì nínú gbèsè? Alhaji ni. Alhaji kan á yọ síta nínú jíìpù, á rí ọmọbìnrin náà, á san gbogbo rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ Alhaji, wòlíì ni, tó máa ríran pé ìyàwó àbúrò bàbá ti sin nǹkan sábẹ́ ààrò. Wọ́n á hú u, wọ́n á sun ún, búrẹ́dì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tí fláwà lọ sókè lọ́dún 2023, gbogbo bèkírì ìlú ló kàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyàwó àbúrò bàbá ò sì lè wà lábẹ́ gbogbo ààrò. Fíìmù tó bá sọ pé ọ̀tá ló fà á, ó ti gba ìtàn gidi lọ́wọ́ onibúrẹ́dì náà. Bẹ́ẹ̀, nínú púpọ̀ nínú wọn, òṣèré kì í fọwọ́ kan fláwà rárá. Búrẹ́dì tó ti wà nínú nàílọ́ọ̀nù ni wọ́n á tò sórí tábìlì, a ó sì máa pe ibẹ̀ ní bèkírì.

Kì í ṣe pé a ò lè ṣe é. Ọ̀sọsà, ní ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ni Hubert Ogunde ti wá. Ní 1945 tí àwọn òṣìṣẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, ó ṣe eré lórí rẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 ní Enugu ní November 1949, ó gbé eré mìíràn jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sì pè é ní Bread and Bullet. Orin wà nínú eré Ogunde, ijó wà, ẹ̀rín wà, owó oṣù àti oúnjẹ òṣìṣẹ́ sì wà níbẹ̀. Àwọn baba wa ti gbé búrẹ́dì sórí pèpéle láìfi Alhaji gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ìtàn sì wà nílẹ̀ tí ẹnì kan lè gbé. Ọkùnrin ará Jàmáíkà kan wà, Amos Shackleford, tó dé Nàìjíríà ní 1913 láti wá ṣiṣẹ́ rélùwéè. Nígbà tó yá, ó dá bèkírì sílẹ̀ ní Ebute Metta ní 1921, títí tí wọ́n fi ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Tàbí kí wọ́n mú ti òde òní: ó ti lé ní ogún ọdún tí NAFDAC ti fòfin de bromate, kẹ́míkà tó ń mú búrẹ́dì wú rìbìtì pẹ̀lú ìnáwó díẹ̀. Ẹ fojú inú wo tọkọtaya kan ní Ṣágámù. Gbèsè ń lé wọn, ẹnì kan wá rọra gbé ike kẹ́míkà yẹn wá fún wọn lóru. Ọkọ ní kí àwọn fi sí i lẹ́ẹ̀kan péré. Ìyàwó ní òun ò ní ta ohun tí òun ò lè fún ọmọ òun jẹ. Ìfẹ́ wà níbẹ̀, ìjà wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní láti wọ jíìpù wọlé.

Tí a bá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ẹ mú ọ̀rọ̀ ayẹyẹ. Nínú ti Amẹ́ríkà, ayẹyẹ ìlú ló ń gba bèkírì là: gbogbo ìlú á tò síwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, gbèsè á tán. Àwa náà ní ayẹyẹ. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ilé á kún, àlejò á kún, búrẹ́dì á sì tà ju ti ìgbàkígbà lọ. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kó fláwà wá lówó ọ̀sẹ̀ yẹn máa ń gbà lọ tààrà, nílé ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Fíìmù Kòríà ló sún mọ́ èyí jù: búrẹ́dì kan kì í gba ẹnikẹ́ni là níbẹ̀, ọdún pípẹ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ.

Ní ti ìfẹnukonu, ti Amẹ́ríkà jẹ́ ẹyọ kan nígbẹ̀yìn, ojú ò ní ti ẹnikẹ́ni. Ti Kòríà máa ń pẹ́ kó tó dé, tó bá sì dé, ìrora ló máa ń bá a wá. Ti Mẹ́síkò, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ti lọ sùn. Tiwa kì í fẹnu kora púpọ̀. Kí ọkùnrin bu omi fún obìnrin lẹ́yìn iṣẹ́ ni a fi ń mọ̀, mo sì fẹ́ràn ìyẹn ju gbogbo wọn lọ.

Ní ti iná àti dátà, fíìmù Amẹ́ríkà kan á parí kí iná tó lọ. Bí ẹni tó ń kó fíìmù sínú fláàṣì fún yín ò bá mọ orúkọ kankan, ẹ ní kó fún yín ní fíìmù Kérésì àwọn òyìnbó, ó máa mọ̀ ọ́n. Ti Kòríà nílò ìpinnu, torí apá 30 kì í ṣe ohun àwàdà. Ẹ má gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Nítorí náà: bó bá jẹ́ Sunday lẹ́yìn ìjọsìn, tí ọmọ, òbí àti àna jọ wà nínú pálọ̀ kan, ẹ gbé ti Amẹ́ríkà sí i, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá jẹ́ ìyá àgbà ló ni alẹ́ yẹn, tiwa ni. Ẹ yẹ ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ wò, bí jíìpù bá ti yọ kí ẹnikẹ́ni tó po fláwà, ẹ wá òmíràn. Tọkọtaya tó jọ ń tajà, tí owó sì ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, ti Sam-soon ni kí wọ́n jọ wò, torí owó ò fara pamọ́ níbẹ̀, ó sì lè mú kí àwọn náà lè sọ tiwọn síta.

Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ búrẹ́dì ńkọ́, ọmọ iṣẹ́ tàbí ọ̀gá, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè, ní Ṣágámù, níbikíbi? Takgu ni. Apá méjì lọ́sẹ̀ ti tó. Ọ̀sán tí ààrò ń sinmi ni kí ẹ wò ó, kí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lè jókòó, pàápàá ẹni tó ń mílì.